Ogún Ìṣẹ́jú Lójoojúmọ́: Ètò Ìdánrawò fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Gìtá

Ẹ ti ra gìtá, tàbí ẹnì kan ti fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ ti gbé e lé itan, ẹ ti ta okùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì dún. Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lẹ́yìn èyí ni pé wọn ò mọ ohun tí wọn yóò máa fi ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n á gbé e lónìí, wọ́n á ta ohun tí ọwọ́ wọn bá bọ́ sí. Lọ́la, wọ́n á wo fídíò kan lórí YouTube, wọ́n á tún wo òmíràn. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, gìtá ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé wọn ò lẹ́bùn. Ètò ni wọn ò ní. Ètò yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín níhìn-ín, láti orí yíyí okùn títí dé orí odidi orin. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan nípa orin rí, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní fo ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìdánrawò jẹ́. Kí èèyàn máa ta orin tó ti mọ̀, ìgbádùn nìyẹn, ó sì dára. Ìdánrawò jẹ́ nǹkan mìíràn: ẹ ó mú ibi kan tí ọwọ́ yín kò tíì gbà, ẹ ó sì máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi gbà á. Ọwọ́ kì í mọ̀ bóyá ohun tí à ń kọ́ ọ dára tàbí kò dára. Ohun tí ẹ bá ti ṣe léraléra ni yóò mú. Bí ẹ bá tẹ okùn ní ìtẹ̀kutẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, ìtẹ̀kutẹ̀ yẹn ni ọwọ́ yín ti kọ́ yege. Nítorí náà, ẹ má wá ìyára rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ohùn tó mọ́. Ìyára yóò tẹ̀lé e fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ ni mo ń dámọ̀ràn, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé awọ orí ìka yín kò tíì yi. Bí ẹ bá ti kọjá ìdajì wákàtí, ìrora ni ẹ óò máa bá jà, ẹ̀kọ́ ti tán. Èkejì ló jinlẹ̀ jù. Ọpọlọ kì í parí ẹ̀kọ́ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ojú oorun ló ti máa ń parí púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2002, Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún fi ìka ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì tẹ̀léra wọn ní ètò kan náà, léraléra. Nígbà tí wọ́n sùn, tí wọ́n jí, tí wọ́n tún padà sídìí rẹ̀, ìyára wọn ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, àṣìṣe wọn kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò tún un ṣe láàárín. Ọwọ́ òsì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tẹ okùn gìtá. Ẹni tó ń dánra wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, oorun kan ṣoṣo ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, oorun méje ló ní.

Ẹ wo bí ọmọ àyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Wọn kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọ léjìká lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gúdúgúdú tàbí omele ni wọ́n máa ń kó lé e lọ́wọ́, yóò máa lu ìlù kúkúrú kan náà lẹ́yìn àwọn àgbà, láti òde ìnáwó kan dé òmíràn, títí ìlù yẹn yóò fi wọ̀ ọ́ lára tí kò ní í ronú sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí rí: nǹkan kékeré, lójoojúmọ́, títí yóò fi wọra.

Ẹ yan àkókò kan. Ohun tó dára jù ni kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ láìgbàgbé. Ẹni tó ń gbàdúrà òwúrọ̀ lè gbé gìtá bó bá ti ṣe àmín tán. Ẹni tó ń kírun iṣáà lè mú un lẹ́yìn ìrun. Ẹni tó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ lè ṣe é kó tó jẹun. Ẹ má sì gbé gìtá pamọ́ sínú àpò lẹ́yìn àpótí aṣọ. Ẹ gbé e síbi tí ojú yín yóò ti máa rí i, tí ọmọdé kò ti ní í fà á wó, tí oòrùn kò sì ní í pa á. Gìtá onígi kò nílò iná mànàmáná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìdánrawò yín ń lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo gìtá náà fúnra rẹ̀. Okùn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e lé itan, òun ni okùn kìn-ín-ní. Èyí tó nípọn jù lókè ni okùn kẹfà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni wọ́n ń pè ní fret. Irin ọrùn ni èmi yóò máa pè wọ́n. Ibi tí ìka ń tẹ̀ láàárín irin méjì ni àyè. Èyí tó sún mọ́ orí gìtá jù, níbi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ okùn wà, ni àyè kìn-ín-ní, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ikùn gìtá. Tí mo bá sọ pé kí ẹ tẹ okùn kẹta ní àyè kejì, ẹ ti mọ ibi tí mò ń wí.

Ẹ tún wo bí okùn ṣe jìnnà sí ọrùn tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rò pé ìka àwọn ni kò lágbára, gìtá ni kò dára. Bí okùn onírin bá fi ju mílímítà mẹ́ta lọ ga sókè irin ọrùn kejìlá, ó ti ga jù fún ọwọ́ tuntun. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún gìtá ṣe, kó bá yín rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó sì fi okùn tó fẹ́lẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n kọ 010 tàbí 011 sí lára páálí rẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé owó tí ẹ bá san fún iṣẹ́ yìí wúlò ju owó gìtá olówó ńlá lọ.

Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ nínú 20 jẹ́ ti yíyí okùn. Okùn máa ń sọ ohùn rẹ̀ nù lójoojúmọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ tuntun, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn gbígbẹ ń fa omi inú igi gbẹ tí igi sì ń sún kì. Láti orí okùn kẹfà wá sísàlẹ̀, orúkọ wọn ni E, A, D, G, B, E. Ẹ wa áàpù tó ń gbọ́ ohùn okùn sórí fóònù yín. GuitarTuna jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ta okùn kan, ẹ wo ohun tí fóònù kọ, ẹ rọra yí kọ́kọ́rọ́ okùn yẹn títí yóò fi bọ́ sí ipò. Bí ó bá ti lọ sókè jù, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, kí ẹ tún wá gbé e gòkè dé ibẹ̀; okùn tí a gbé gòkè dé ipò rẹ̀ máa ń dúró ju èyí tí a tú sílẹ̀ dé ibẹ̀ lọ. Ẹ má fo ìpele yìí láé. Ẹni tó bá ń fi gìtá tí ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́ dánra wò ń kọ́ etí ara rẹ̀ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ jókòó lórí àga tí kò ní apá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ẹ na ẹ̀yìn yín, ẹ jẹ́ kí ikùn gìtá sinmi lórí itan ọ̀tún. Apá ọ̀tún tó gùn ún láti òkè ló máa dì í mú, kì í ṣe ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá yọ ọwọ́ òsì kúrò tí ọrùn gìtá sì wó lulẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ òsì ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì tó sì ra gìtá ọlọ́wọ́ òsì, kó kàn yí ohun tí mo ń sọ padà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tẹ̀lé e jẹ́ ti nína ìka. Ẹ gbé ìka ìfábẹ̀lá, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, sí okùn kìn-ín-ní ní àyè karùn-ún. Ẹ ta á. Ẹ fi ìka àárín sí àyè kẹfà, ẹ ta á. Ìka òrùka sí àyè keje, ìka kékeré sí àyè kẹjọ. Ẹ bọ́ sórí okùn kejì, kí ẹ ṣe bákan náà, títí dé okùn kẹfà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àyè karùn-ún nítorí pé àwọn àyè ibẹ̀ kéré ju ti ìtòsí orí gìtá lọ, ìka kò sì ní í yà jù. Ohun kan ni kí ẹ máa ṣọ́ níhìn-ín: kí ìka tẹ okùn nítòsí irin ọrùn tó wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe ní àárín àyè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nítòsí irin, agbára díẹ̀ ló gbà kí ohùn tó mọ́. Ní àárín, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, yóò ṣì máa dún sẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín dán ọ̀nà méjèèjì wò lónìí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí. Kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí rẹ̀ ni olórin ń dúró lé nígbà tó bá ń kọrin. Ọ̀pọ̀ ìwé yóò kó kọ́ọ̀dù ogún síwájú yín lọ́jọ́ kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ lò ní oṣù àkọ́kọ́: A, D àti E. Bí ẹ bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹ óò mọ do, re, mi. Bí A bá jẹ́ do, D ni fa, E sì ni so. Orí do, fa àti so ni àìmọye orin ìyìn, orin háílàìfù àti orin jùjú dúró lé. Ẹni tó bá ń yí láàárín mẹ́ta yìí láìkọsẹ̀ ti lè bá àwọn ènìyàn kọrin.

Ẹ jẹ́ ká mú A. Àyè kejì ni ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn kẹta, ìka àárín tẹ okùn kẹrin, ìka òrùka tẹ okùn kejì. Láti orí okùn karùn-ún ni kí ẹ ti gbá a wálẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan okùn kẹfà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi ìka ìfábẹ̀lá sí okùn kẹrin dípò okùn kẹta. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i láìpẹ́ ìdí tí mo fi fẹ́ èyí.

Láti A bọ́ sí D, ẹ má gbé ìka ìfábẹ̀lá kúrò. Okùn kẹta, àyè kejì, ibẹ̀ náà ni ipò rẹ̀ nínú D. Ìka òrùka kò ní í kúrò lórí okùn kejì. Ẹ kàn wọ́ ọ láti àyè kejì dé àyè kẹta. Ìka àárín nìkan ló ní ìrìn: yóò kúrò lórí okùn kẹrin, yóò lọ sí okùn kìn-ín-ní ní àyè kejì. D ti dé nìyẹn. Láti orí okùn kẹrin ni kí ẹ ti gbá a.

Láti D sí E, ẹ wọ́ ìka ìfábẹ̀lá padà sẹ́yìn lórí okùn kẹta kan náà, láti àyè kejì sí àyè kìn-ín-ní, láìgbé e sókè. Ẹ gbé ìka àárín lọ sí okùn karùn-ún, ìka òrùka sí okùn kẹrin, àwọn méjèèjì ní àyè kejì. Gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ẹ óò gbá fún E.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: nínú kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìka ìfábẹ̀lá kò fi okùn kẹta sílẹ̀ rí. Òun ni òpó tí àwọn ìka yòókù ń fi ṣe àmì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó ká gbogbo ìka kúrò lórí okùn, kó gbé ọwọ́ sófuurufú, kó tún wá máa wá ilé ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo àkókò tó fi ń wá a ni orin fi ń dúró dè é. Bí ìka kan bá dúró, ọwọ́ kò sọnù.

Ìṣẹ́jú méje ni kí ẹ fún ìyípadà yìí, ní ọ̀nà báyìí. Ẹ tẹ A. Ẹ ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ èyí tí kò dún. Bí okùn kan bá kú, ẹ wo ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ikùn ìka yẹn ló fara kan án. Ẹ jẹ́ kí ìka dúró ṣánṣán lórí okùn, kí ẹ sì gé èékánná ọwọ́ òsì kúrú. Bí A bá ti mọ́, ẹ bọ́ sí D bí ẹni pé ẹ kò lọ síbì kankan. Ẹ padà sí A. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, A àti D nìkan. Ọjọ́ kẹrin, D àti E. Lẹ́yìn náà ni E àti A. Ẹ má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Justin Sandercoe, olùkọ́ gìtá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sọ ọ́ di mímọ̀. Ẹ yí aago fóònù sí ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí láti A sí D, láti D sí A, kí ẹ máa kà á. Nígbà tí aago bá dún, ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 8 ni lónìí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwọ̀n ni, kì í ṣe ìdánwò. Orin tó ní ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń yí ní ìlù mẹ́rin-mẹ́rin, ìyípadà 30 ló ń béèrè. Bí ẹ bá ti dé 30, ẹ ti lè bá ọ̀pọ̀ orin lọ. Bí ẹ bá dé 60, ọwọ́ yín ti ní ìsinmi láàárín.

Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní metronome. Johann Maelzel gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1815. Nígbà náà, àpótí onígi tó ní ọ̀pá tó ń jù sọ́tùn-ún jù sósì ni. Lónìí, ó wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi yóò pè é ní aago ìlù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, láìyára, láìfà. Ẹ fi í sí 60, ìyẹn ìró kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tẹ A, ẹ gbá a wálẹ̀ nígbà mẹ́rin pẹ̀lú ìró mẹ́rin. Ẹ bọ́ sí D, ẹ gbá a nígbà mẹ́rin. Ẹ máa yí bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ọwọ́ yín kò bá tíì tó D nígbà tí ìró rẹ̀ dún, ẹ má dúró dè é. Ẹ gbá ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ bá ìlù lọ. Ẹni tó ta kọ́ọ̀dù tí kò mọ́ lórí ìlù kò da ijó rú. Ẹni tó ta kọ́ọ̀dù tó mọ́ lẹ́yìn ìlù ti da gbogbo ènìyàn rú. Nígbà tí ẹ bá ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ẹ gbé aago lọ sí 64. Ẹ má fò lọ sí 90.

Ọwọ́ ọ̀tún máa ń di ẹni ìgbàgbé nínú gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ òun ni onílù inú gìtá. Ẹ lè fi píìkì ta á, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n bá ti ń ta okùn gìtá, ẹ sì lè fi ìka. Mo fẹ́ràn kí ọmọ Yorùbá tètè mọ ọ̀nà ìka, nítorí òun ló bí gìtá wa. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló mú un rin etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àtàǹpàkò ń ta àwọn okùn tó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá ń ta àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìka méjì péré. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ta gìtá nílé ẹlẹ́mu káàkiri etíkun, ó dé Èkó, ó sì wà lára ohun tí jùjú hù láti inú rẹ̀. Ẹ tẹ A, ẹ fi àtàǹpàkò ta okùn karùn-ún, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá ta okùn kejì. Karùn-ún, kejì, karùn-ún, kejì, pẹ̀lú aago ìlù. Fún D, àtàǹpàkò lọ sí okùn kẹrin. Fún E, ó lọ sí okùn kẹfà. Ẹ máa fi ọ̀nà yìí rọ́pò gbígbá wálẹ̀ lọ́jọ́ kan sí òmíràn.

Ẹ tún fetí sí àwo orin King Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey láàárín ọdún 1970 sí 1985. Gìtá tó ń dún níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ tẹ̀lé e nìkan, kí ẹ gbàgbé àwọn tó kù. Ẹ óò gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kúkúrú kan ni atagìtá yẹn ń tún ta, léraléra, bẹ́ẹ̀ odidi ẹ̀gbẹ́ àwo kan lè lọ láìsinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò yẹsẹ̀, kò sáré. Ohun tí ẹ ń fi aago ìlù kọ́ nínú yàrá yín, òun ni àwọn yẹn ń ṣe lóde ìnáwó mọ́jú.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù, ẹ ta orin. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́. Orin gidi, pẹ̀lú ẹnu. Ẹ mú ègbè kúkúrú kan tí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí A. Bí ẹ bá dé ibi tí A kò bá orin mu mọ́, ẹ gbìyànjú D. Bí D kò bá bá a mu, E ni. Etí yín yóò sọ fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má fo ìṣẹ́jú márùn-ún yìí nítorí pé ìyípadà kò tíì mọ́. Òun ni yóò mú kó wù yín láti gbé gìtá lọ́la.

Ní ti ìrora, ẹ ní láti mọ irú méjì yàtọ̀ síra. Orí ìka yóò máa ta yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Awọ ibẹ̀ ń yi ni, yóò sì lọ. Ẹ má fi omi rẹ ìka kí ẹ tó ta gìtá, nítorí awọ tó rọ̀ tètè máa ń bó. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, tàbí apá, tàbí tí ìka bá ń kú tìpìrì, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ ń fún ọrùn gìtá mọ́lẹ̀ jù, bóyá ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ kọrọdọ. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí orin tó yẹ kí èèyàn fi apá rẹ̀ dí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ìlà kan péré sínú rẹ̀: ọjọ́, iye ìyípadà, nọ́ńbà aago ìlù, àti ohun tó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kọ̀ jálẹ̀ lónìí ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìwé yìí ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìrònú pé òun kò tẹ̀ síwájú, nítorí ẹni tó ń kọ́ nǹkan kì í rí ìdàgbàsókè ara rẹ̀ láti ọjọ́ kan dé èkejì. Ẹ padà sí ojú ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ óò rí i pé 8 ti di 25.

Iṣẹ́ yóò dé, ìrìn àjò yóò dé, ara kò sì ní í le ní gbogbo ọjọ́. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì láti dí i; ẹ kàn ṣe ìṣẹ́jú 20 ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí ó bá rẹ̀ yín jù, ẹ yí okùn, ẹ ṣe ìyípadà ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé gìtá sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ti pa ètò mọ́.

Nígbà tí A, D àti E bá ti dé 60 ní ìyípadà ìṣẹ́jú kan, ẹ fi G, C àti Em kún un, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ètò ìṣẹ́jú 20 kò yí padà. Ohun tó wà nínú ìṣẹ́jú méje ni ẹ pààrọ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan F, èyí tí ìka kan ṣoṣo ti ń tẹ ọ̀pọ̀ okùn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ gìtá nù, ìdí F ni wọ́n ti sọ ọ́ nù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń kán wọn lójú. Oṣù kẹrin tàbí karùn-ún ti yá tó.

Ohun kan kù tí ìṣẹ́jú 20 inú yàrá kò lè fún yín, ìyẹn ni kí ẹ bá ẹlòmíràn ta. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán. Bí oṣù kan bá ti pé, ẹ gbé gìtá yín lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ olórin tó sún mọ́ yín, ẹ jókòó ti ẹni tó ń ta gìtá báàsì, kí ẹ sọ fún un pé A, D àti E ni ẹ mọ̀. Yóò bá yín wá orin tí ẹ lè bá wọn ta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.